Ta Ni “Wọ́n” Nínú “Wọ́n Ní”? Àhesọ Lórí Àjẹsára ní Kánò (2003–2004) àti Ẹ̀kọ́ Ìṣàyẹ̀wò Ìsọfúnni

Ìfáárà

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2004, Gómìnà Ibrahim Shekarau ti Ìpínlẹ̀ Kánò gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré síwájú èrò, wọ́n sì kán òògùn àjẹsára àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu níṣojú gbogbo ènìyàn. Ìjọba tí gómìnà yìí ń darí kan náà ni ó ti dá fífún àwọn ọmọdé ní òògùn yìí dúró láti nǹkan bí oṣù 11 ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun tí ó fà á ni ìtàn kan tí ó gba ìgboro kan pé àwọn òyìnbó ti po èròjà tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún mọ́ òògùn náà, àti pé kòkòrò àrùn éèdì wà nínú rẹ̀.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó jìnnà sí Kánò láti ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan lásán, kí ó sì sọ pé bí àwọn ènìyàn náà bá kàwé ni, wọn ì bá tí gbà á gbọ́. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ èrò bẹ́ẹ̀. Dókítà oníṣègùn òyìnbó wà lára àwọn tí ó gbé ìtàn náà kiri, olùkọ́ yunifásítì sì wà lára wọn pẹ̀lú. Ìwé kíkà nìkan kọ́ ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń gbà fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti irú ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ kí ó lè dá òótọ́ inú rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ inú rẹ̀.

Àhesọ ìdìtẹ̀ ni orúkọ tí a ó fi pe irú ìtàn yìí. Ó ń sọ pé àwọn alágbára kan ti para pọ̀ níkọ̀kọ̀ láti ṣe aráàlú ní ibi, ó sì máa ń sọ gbogbo ẹ̀rí tí ó bá lòdì sí i di ara ìdìtẹ̀ náà. Apá kejì yìí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí irọ́ lásán. Ẹni tí ó bá purọ́ pé òjò rọ̀ lánàá, ilẹ̀ gbígbẹ lè já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbà pé àwọn ọlọ́tẹ̀ ti nu omi ilẹ̀ gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ gbígbẹ gan-an ni yóò máa tọ́ka sí. A sì gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn pé ìdìtẹ̀ tòótọ́ kò ṣàì sí láyé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Kánò ti le.

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 2003

Ní ọdún 1988, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé àwọn yóò pa àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ rẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Nígbà náà, àwọn ọmọ bí 350,000 ni àrùn náà ń sọ di arọ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 120. Ní ọdún 1988 yìí kan náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ìlànà kan jáde lórí iye ènìyàn tí ó wà ní Nàìjíríà, tí ó gba obìnrin nímọ̀ràn pé kí ó má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ohun méjèèjì kò bá ara wọn tan. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó ń ran ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́wọ́ àti àwọn tí ó ń ran àjẹsára lọ́wọ́ bá jẹ́ òyìnbó, tí aṣọ wọn sì jọra, kò ṣòro fún aráàlú láti so wọ́n pọ̀.

Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996. Àrùn yírùnyírùn jà ní ìhà Àríwá Nàìjíríà lọ́dún náà, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láàárín wàhálà yìí ni ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà wá sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Kánò láti dán òògùn tuntun kan wò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trovan. Ọmọ bí 200 ni wọ́n lò. Wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, wọ́n sì fún ìdajì yòókù ní òògùn mìíràn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn tí ó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara. Àrùn náà fúnra rẹ̀ a máa pani, a sì máa sọni di aláàbọ̀ ara, nítorí náà iye ikú nìkan kò lè sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí ó bí àwọn òbí nínú ni pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà jáde fún gbogbo ayé. Àwọn òbí pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Kánò pè é, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Nítorí náà, nígbà tí ará Kánò kan bá sọ ní ọdún 2003 pé àwọn òyìnbó ti fi ọmọ àwọn dán òògùn wò rí, kò parọ́. Ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà nígbà tí ó ń sọ ọ́.

Bí àhesọ náà ṣe di òfin

Láàárín ọdún 2003, Ìgbìmọ̀ Gíga fún Òfin Ṣàríà ní Nàìjíríà ké sí ìjọba pé kí wọ́n dá àjẹsára náà dúró kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ààrẹ ìgbìmọ̀ náà, Datti Ahmed, jẹ́ oníṣègùn òyìnbó. Ìpínlẹ̀ Kánò dá a dúró, Zamfara ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Àríwá sì ṣe iyè méjì fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò náà kò fara rọ. Amẹ́ríkà ti kọlu Afghanistan ní ọdún 2001, ó tún kọlu Iraq ní oṣù Kẹta ọdún 2003, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì gbà pé ẹ̀sìn àwọn ni wọ́n ń bá jà. Ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wọlé ní Kánò sì yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní Abuja. Bí Abuja bá sọ pé òògùn náà dára, èyí nìkan ti tó fún àwọn kan láti fura.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ń bèèrè nígbà náà tí ó yẹ kí olùkọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba kò ní òògùn ibà. Aboyún ń ra abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ tí inú ń run kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé òògùn àrùn kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń gbé wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti dáàbò bo ọmọ níbi tí ìmọ́tótó omi kò bá péye, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń náwó sí i sì mọ̀ pé bí àrùn náà bá kù síbì kan, yóò padà dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n dípò kí àwọn aláṣẹ dáhùn rẹ̀, orin àti pátákó ìpolówó ni wọ́n fi dá aráàlú lóhùn.

Wọ́n gbé òògùn náà lọ fún àyẹ̀wò ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan jábọ̀ pé àwọn rí èròjà ẹ́sítírójìn nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó kéré jọjọ ni, kò sì lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Èròjà yìí kan náà wà nínú ara ènìyàn, ó sì wà nínú wàrà tí ìyá fi ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn náà dé ọjà, ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí ó kù ni “wọ́n rí i níbẹ̀”.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀

Àwọn ọmọ tí àrùn náà sọ di arọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2003 jẹ́ 355. Ní ọdún 2004, wọ́n di 782, èyí tí ó lé ní ìdajì gbogbo èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní àgbáyé lọ́dún náà. Ní ọdún 2006, wọ́n lé ní 1,100. Kòkòrò tí ó ti Àríwá Nàìjíríà jáde dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tó bí ogún, títí kan àwọn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà tipẹ́. Ó dé Sudan, ó dé Yemen, ó dé Saudi Arabia.

Ó sì dé Indonesia. Ohun tí ó parí ọ̀rọ̀ ní Kánò ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbà láti lo òògùn tí wọ́n pò ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù lọ láyé. Láti ọdún 1995 ni wọn kò ti rí àrùn náà mọ́ ní Indonesia. Ní ọdún 2005, kòkòrò tí orírun rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà wọ ibẹ̀, ó sì sọ ọmọ tí ó lé ní 300 di arọ. Ilẹ̀ tí ó fi òògùn ran Kánò lọ́wọ́ ni Kánò kó àrùn ràn.

Àhesọ náà kò sì kú ní ọdún 2004. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa ó kéré tán obìnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n ń fún ọmọ ní àjẹsára ní Kánò. Ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kòkòrò àrùn náà tí kì í ṣe láti inú àjẹsára ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Gbólóhùn tí ó parí ìpínrọ̀ òkè yìí nílò àlàyé, ó sì yẹ kí olùkọ́ má sá fún un. Òògùn àjẹsára tí à ń kán sẹ́nu ní kòkòrò àrùn náà gan-an nínú, èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba òògùn náà, kòkòrò aláìlágbára yìí lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara ọmọ mìíràn títí yóò fi tún lágbára. Ó ṣẹlẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 2006 sí 2007, ó sì tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ti ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ lọ́ra láti sọ ọ́ síta. Ọdún 2007 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àhesọ yóò tún gbérí. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tí ó bá fi òótọ́ pamọ́ kí irọ́ má baà gbilẹ̀ ti fún irọ́ náà ní ẹ̀rí tí ó ń wá kiri.

Mímọ̀ àti gbígbàgbọ́

Bí a bá yẹ ìtàn Kánò wò dáadáa, a ó rí i pé àṣìṣe inú rẹ̀ wà ní ojú kan ṣoṣo. “Wọ́n ti fi ọmọ wa dán òògùn wò rí” jẹ́ òótọ́. “Ìjọba fẹ́ kí a dín ọmọ bíbí kù” jẹ́ òótọ́. “Wọ́n rí ẹ́sítírójìn nínú rẹ̀” kò jìnnà sí òótọ́. “Nítorí náà wọ́n ń fi àjẹsára yìí sọ àwọn ọmọ wa di àgàn” ni ó fò kọjá ẹ̀rí. Olùkọ́ tí ó bá pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní irọ́ yóò pàdánù akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ pé mẹ́ta kì í ṣe irọ́.

Èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ tí a lè fi ṣe iṣẹ́ yìí. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1986 lórí bí Yorùbá ṣe ń lo “mọ̀” àti “gbàgbọ́”. Wọ́n rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú “mo mọ̀”. Ohun tí ó ṣojú ẹni ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí ẹlòmíràn sọ fúnni, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tàbí ìwé, ohun tí a gbà nígbà tí a gbọ́ ni, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi rí ọ̀nà dán an wò. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe irú ìyàtọ̀ yìí lójoojúmọ́ láìfura. “Ó ṣojú mi kòró” kì í ṣe ẹgbẹ́ “mo gbọ́ lẹ́nu Àlàbá”, bẹ́ẹ̀ ni “mo gbọ́ lẹ́nu Àlàbá” kì í ṣe ẹgbẹ́ “wọ́n ní”. Nínú “wọ́n ní”, ẹlẹ́rìí ti sọnù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìṣàyẹ̀wò ìsọfúnni kò ju èyí lọ: ta ni “wọ́n”?

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe àsọdùn. Ìlànà àwọn àgbà nìkan kò lè gbà wá lónìí. Kò sí ìyá kan ní Kánò tàbí ní Oǹdó tí ojú rẹ̀ lè rí kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Bí a bá ní ohun tí ó ṣojú wa nìkan ni a ó gbà, a ó kọ òògùn, a ó kọ ìtàn, a ó sì kọ ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé. Ohun tí ẹ̀kọ́ òde òní gbọ́dọ̀ fi kún un ni bí a ṣe ń fi ẹ̀rí kan wọn èkejì: ta ni ó sọ ọ́, báwo ni ó ṣe mọ̀, kí ni èrè rẹ̀ níbẹ̀, ta ni ẹlòmíràn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, kí sì ni yóò jẹ́ kí ó gbà pé òun ṣì í. Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yìí ni àhesọ ìdìtẹ̀ kì í lè dáhùn.

Iyọ̀ àti orógbó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ Àríwá nìkan ni kí ó rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wọ Èkó ní ogúnjọ́ oṣù Keje. Ní òru mọ́jú ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè gba orí fóònù káàkiri pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Àwọn tí ó kàwé wà lára àwọn tí ó jí ọmọ wọn lójú oorun. Ìròyìn gbé e láti ìlú Jọ́ọ̀sì pé iyọ̀ àmujù pa ènìyàn. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ìjọba sì rí i ká kò kí ó tó di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá.

Ti orógbó ni ó wúlò jù fún iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní orógbó ń wo Ebola sàn, owó rẹ̀ sì fò sókè lọ́jà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tọ ọ̀rọ̀ yìí padà sẹ́yìn yóò bá orísun rẹ̀ pàdé: ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu jábọ̀ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko kan ní Amẹ́ríkà pé ohun tí wọ́n fà yọ láti inú orógbó dí kòkòrò Ebola lọ́wọ́ nínú ìgò àyẹ̀wò. Kò sọ pé jíjẹ orógbó wo aláìsàn kankan sàn. Láti inú ìgò dé inú ara ènìyàn, ọ̀nà náà jìn.

Ẹ̀kọ́ náà àti ibi tí wọ́n ti dán an wò

Paul Zurkowski ni ó kọ́kọ́ fún irú ẹ̀kọ́ yìí lórúkọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Láti ọwọ́ àwọn alábòójútó ilé ìkàwé ni ó ti tàn. Àjọ UNESCO gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kan jáde lórí rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ní ọdún 2011, Abuja sì ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ ọ̀sẹ̀ àgbáyé rẹ̀ ní ọdún 2022. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀kọ́ lílo ilé ìkàwé wà nínú iṣẹ́ àpapọ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to ìwé àti bí a ṣe ń wá a rí ni ó sábà máa ń mọ. Bí a ṣe ń bi ìwé náà léèrè ọ̀rọ̀ kì í sábà sí níbẹ̀.

Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni bóyá irú ẹ̀kọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú kíláàsì kan. Uganda ti dáhùn rẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí lo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 120 àti ọmọ tí ó lé ní 10,000. Wọ́n fún ìdajì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìwé alápèjúwe àwòrán, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án lórí bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ nípa ìwòsàn wò. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, ọmọ 69 nínú 100 yege nínú àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà. 27 nínú 100 ni ó yege nínú àwọn yòókù. Bébà, ṣọ́ọ̀kì àti olùkọ́ tí a ti kọ́ ni wọ́n lò.

Ìwádìí mìíràn tí Sam Wineburg àti Sarah McGrew ṣe ní Stanford ní ọdún 2017 lè ya àwọn olùkọ́ ìtàn lẹ́nu. Wọ́n fún àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣe òfintótó ìròyìn ní ojú ewé ayélujára láti yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ ìtàn fara balẹ̀ ka ojú ewé náà láti òkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ẹ̀tàn. Àwọn olùtófin ìròyìn fi ojú ewé náà sílẹ̀ kíá, wọ́n sì lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tí ó ni ín. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá: bí àlejò bá wá tọrọ ìyàwó, a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan mọ̀ ọ́n, a máa ń ránṣẹ́ lọ sí àdúgbò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orógbó. Kí ó ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì kọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n lọ bi ẹni náà léèrè ibi tí òun náà ti gbọ́ ọ. Àwọn kan yóò padà wá pẹ̀lú orúkọ. Àwọn mìíràn yóò padà wá pẹ̀lú “wọ́n ní”, níbẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.